Kọ́kọ́rọ́, Àgádágodo àti Ààbò Ilé: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ àti Ìṣe ní Ìlú Kàdúná

Ìfáárà

Kò sí ẹni tí yóò kọ́lé tí kò ní ṣe ilẹ̀kùn sí i, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe ilẹ̀kùn tí kò ní ronú bí yóò ṣe máa tì í. Ilẹ̀kùn ni ó pààlà sáàrin ẹni tí ó wà nínú ilé àti ẹni tí ó wà níta. Kọ́kọ́rọ́ ni ó ń fi ẹni tí ó ní àṣẹ láti ré ààlà náà kọjá hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé ni ó ń ra àgádágodo ńláńlá láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbà pé bí irin bá ti wúwo, olè kò ní lè wọlé mọ́. Èrò yìí ń náni lówó. Nígbà mìíràn pàápàá, ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Èkíní ni àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìlẹ̀kùn títì àti ṣíṣí. Èkejì ni bí àgádágodo ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí àwọn kan fi sọ ṣíṣí rẹ̀ láìlo kọ́kọ́rọ́ di eré ìnajú. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ìmọ̀ yìí lè ṣe fún ààbò ilé ní ìlú Kàdúná, níbi tí Yorùbá ti ń bá Hausa, Gbagyi, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn gbé pọ̀ láti ìgbà tí a ti tẹ ìlú náà dó.

Títì àti Ṣíṣí nínú Èdè

Èdè Yorùbá fi ìyàtọ̀ sáàrin kí a pa ilẹ̀kùn dé àti kí a tì í. Ilẹ̀kùn tí a pa dé kàn ń dí ojú àti atẹ́gùn ni. Ẹni tí ó bá tì í láti ìta lè wọlé. Èyí tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì ni ó ń dènà ènìyàn. Bákan náà ni a ní ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi fún ìwà ẹni tí ó wọlé láìgbàṣẹ. Bí ó bá fi agbára wọlé, a ní ó jálẹ̀kùn tàbí pé ó fọ́lé. Bí ó bá rọra wọlé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, a ní ó yọ́ wọlé. Bí ó bá sì kó gbogbo ẹrù lọ, a ní ó kólé. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó ti ní ẹ̀bi nínú. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó sọ ti ẹni tí ó ṣí àgádágodo ara rẹ̀ láìlo kọ́kọ́rọ́, tí kò jí nǹkan kan, tí ó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ mọ bí a ṣe ṣe é.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí èdè náà fi lè gba èrò yìí wọlé. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, já, tí a ń lò nínú jálẹ̀kùn ni a tún ń lò nígbà tí a bá ní ẹnìkan já àlọ́. Ẹni tí ó pa àlọ́ àpamọ̀ ti ìtumọ̀ mọ́ inú ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó já a kò ba nǹkan kan jẹ́, òye rẹ̀ ni ó fi hàn. Ẹ̀mí àlọ́ yìí ni àwọn tí ń fi àgádágodo ṣeré fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀mí ìfọ́lé.

Ní ti orúkọ ohun èlò, àgádágodo ni irin tí a ń fi há ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ sì ni èyí tí a fi ń ṣí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kọ́kọ́rọ́ tún ń dúró fún èyí tí a kàn mọ́ ara ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ti bàjẹ́, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lọ́wọ́ kò ní ohun tí ó ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ohùn, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe kòkòrò.

Yorùbá tí ń gbé Kàdúná tún ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Hausa lójoojúmọ́. Hausa ní makulli láti ara kulle, tí í ṣe kí a ti nǹkan, wọ́n sì ní mabuɗi láti ara buɗe, tí í ṣe kí a ṣí nǹkan. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ma- ni ó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ ohun èlò níbẹ̀. Kwaɗo ni wọ́n ń pe àgádágodo, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n sì ń pe ọ̀pọ̀lọ́. Láti èdè Hausa ni Yorùbá ti yá máígádì, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mai jẹ́ ti Hausa, gadi sì jẹ́ èyí tí Hausa yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti rìn nínú èdè mẹ́ta kí ó tó dé ẹnu géètì.

Ààbò Ilé Láyé Àtijọ́

Ní agbo ilé Yorùbá, kì í ṣe irin ni ó ń ṣe ààbò ní pàtàkì. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé kì í pọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wọ inú yàrá gbọ́dọ̀ kọjá níwájú àwọn àgbà tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ajá ń gbó, ọmọdé ń wo àlejò, àwọn ọdẹ ń ṣọ́ ìlú lóru, oníbodè sì wà ní ẹnu bodè. Bí a bá tilẹ̀ fi igi dábùú ilẹ̀kùn, ojú ènìyàn ni odi gidi. Àwọn àgbà sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ní oko àti ní ibi tí kò sí ilẹ̀kùn, ààlè ni a ń lò. Ìkarahun ìgbín, ìgbálẹ̀ tí ó ti gbó, àkísà tàbí ṣùkù àgbàdo tí a so kọ́ ti tó láti sọ fún ẹni tí ń kọjá pé nǹkan yìí ní olówó, àti pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án yóò jìyà rẹ̀. David Doris kọ odidi ìwé kan lé ààlè lórí ní ọdún 2011. Ààlè kò lè dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù ni ó ń dá olè dúró. Ilẹ̀kùn náà máa ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí ó wà ní British Museum láti ọdún 1924, kò tọ́ka sí bí a ṣe lè dá olè lọ́nà. Ó ń sọ fún àlejò pé ààfin ọba ni ó fẹ́ wọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò mọ àgádágodo kí àwọn Òyìnbó tó dé. Ní ilẹ̀ Mali, àwọn Bamana àti àwọn Dogon ń fi igi gbẹ́ ohun tí a fi ń ti ilẹ̀kùn ilé àti ti àká. Àwọn igi kéékèèké ń já bọ́ sínú ihò tí ó wà lára igi ìdábùú, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó yẹ̀; kọ́kọ́rọ́ tí ó ní eyín ni a fi ń gbé wọn sókè. Ọgbọ́n kan náà ni a rí nínú èyí tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń lò.

Bí Àgádágodo ṣe ń Ṣiṣẹ́

Ọgbọ́n àtijọ́ yìí ni Linus Yale ará Amẹ́ríkà gbé wọ inú irin ní ọdún 1848. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Linus Yale, sọ ọ́ di kékeré tí ó ní kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1861. Irú èyí ni ó pọ̀ jù lọ lórí ilẹ̀kùn àti lára àgádágodo tí a ń tà lọ́jà lónìí.

Irin róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń yí nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Àwọn irin tínńtín, tí ó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, gba ara irin róbótó náà kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín sí méjì, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n wálẹ̀. Nígbà tí kò bá sí kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀, àwọn irin tínńtín yìí há sí ojú ààlà, irin róbótó kò sì lè yí. Bí kọ́kọ́rọ́ tí ó tọ́ bá wọlé, eyín rẹ̀ yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sókè dé ìwọ̀n tí ojú ibi tí ó ti pín yóò fi bá ojú ààlà dọ́gba. Ìgbà náà ni yóò tó yí. Bí eyín kan bá ga jù tàbí kúrú jù, kò ní ṣí. Eyín tí ó wà lára kọ́kọ́rọ́ jẹ́ ìròyìn tí a kọ sára irin. Ẹni tí ó bá ní ìròyìn náà ni ilẹ̀kùn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Àléébù kan ni ó ń jẹ́ kí a lè ṣí i láìlo kọ́kọ́rọ́: kò sí ẹ̀rọ tí ó lè lu ihò márùn-ún tí wọn yóò dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Bí a bá fi agbára díẹ̀ yí irin róbótó náà, ọ̀kan nínú àwọn irin tínńtín ni yóò kọ́kọ́ há ju àwọn tó kù lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n yóò mọ èyí tí ó há, yóò rọra gbé e sókè títí yóò fi bọ́ sí ojú ààlà, yóò sì tún wá èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ náà, etí sì ń ràn án lọ́wọ́. Ojú kò rí nǹkan kan. Bí olówó bá ṣe ná sórí bí a ṣe lu ihò wọ̀nyí dáradára tó ni àgádágodo rẹ̀ yóò ṣe le tó láti ṣí lọ́nà yìí. Ìwọ̀n tí ó wúwo kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Eré Ìnajú àti Ìjà lórí Àṣírí

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn ti ń fi èyí ṣe eré ọgbọ́n. Ọba Louis kẹrìndínlógún ti ilẹ̀ Faransé, tí a bẹ́ lórí ní ọdún 1793, fẹ́ràn iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ṣíṣe tó bẹ́ẹ̀ tí ó ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ nínú ààfin. Richard Feynman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ń ṣí àpótí àṣírí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Alamos nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti fi hàn wọ́n pé àṣírí wọn kò ní ààbò tó. Ní ọdún 1997, àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n sọ ọ́ di ìdíje, orúkọ rẹ̀ sì ni Sportsfreunde der Sperrtechnik. Òfin méjì ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń de ara wọn: kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí àgádágodo tí kì í ṣe tirẹ̀ àyàfi tí olówó bá gbà fún un, kí ó má sì ṣe ṣí èyí tí a ń lò lọ́wọ́ lára ilẹ̀kùn, nítorí ó lè bàjẹ́.

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni ti ọdún 1851. Ilé iṣẹ́ Bramah ní Lọ́ńdọ́nù ti gbé àgádágodo kan sí ojú wíńdò láti nǹkan bí ọdún 1790, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí ó bá lè ṣí i láìlo kọ́kọ́rọ́ yóò gba igba gíní. Ọgọ́ta ọdún kọjá, kò sí ẹni tí ó gba owó náà. Nígbà tí Ìpàtẹ Ńlá ti ọdún 1851 dé, Alfred Charles Hobbs láti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣí ti ilé iṣẹ́ Chubb ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti èyí tí Bramah ṣe, ó sì ṣí i lẹ́yìn wákàtí mọ́kànléláàádọ́ta tí ó pín sí ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní Hobbs ti kọ́ olè ní iṣẹ́. Àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn fèsì pé àwọn olè ti mọ iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀. Onílé tí ó ń ra ọjà ni kò mọ̀. Àríyànjiyàn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tí ó mọ iyì awo tí ó sì mọ iyì ẹ̀kọ́. Àṣírí kan wà tí ó ń dáàbò bo àwùjọ, òmíràn sì wà tí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹni tí ó ń ta ọjà tí kò dára. Àṣírí àgádágodo tí kò lágbára wà lára ti ẹ̀yìn yìí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi èyí najú ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òfin dúró sí. Nínú Criminal Code tí ó wá láti ìhà gúúsù, ẹni tí a bá mú lóru pẹ̀lú irinṣẹ́ ìfọ́lé láìní àwíjàre tí ó bófin mu lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Òru nínú òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó sì parí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Penal Code tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1960 náà ka ìfọ́lé òru sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wúwo ju ti ọ̀sán lọ. Inú ilé ara ẹni, lórí tábìlì, pẹ̀lú àgádágodo tí a fi owó ara ẹni rà, ni eré yìí mọ.

Kàdúná: Odò, Àdúgbò àti Ojú Aládùúgbò

Ìjọba amúnisìn ni ó tẹ Kàdúná dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó ọmọ ogun àti ti ìjọba, ó sì di olú-ìlú Àríwá ní ọdún 1917. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gbé àwọn Yorùbá dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, akọ̀wé àti oníṣòwò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, àwọn àjèjì tún pọ̀ sí i ní Kakuri, Makera àti àwọn àdúgbò mìíràn. Ìlú tí àjèjì kọ́ ni. Kò sí agbo ilé níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Aládùúgbò ni ó di ẹbí.

Rògbòdìyàn oṣù kejì àti oṣù karùn-ún ọdún 2000 àti ti oṣù kọkànlá ọdún 2002 yí èyí padà. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí ìhà àríwá odò Kàdúná, ọ̀pọ̀ Kìrìsítẹ́nì sì kó lọ sí ìhà gúúsù. Ọ̀rọ̀ yìí le fún Yorùbá lọ́nà tirẹ̀, nítorí ẹ̀sìn méjèèjì wà nínú ìdílé kan náà. Ẹ̀gbọ́n lè wà ní Tudun Wada kí àbúrò wà ní Sabon Tasha. Ẹni tí ó kó kúrò láàrin àwọn tí ó mọ ojú rẹ̀ pàdánù ohun tí kò sí àgádágodo tí ó lè rọ́pò rẹ̀: ojú aládùúgbò tí ó mọ ẹni tí ó yẹ kí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ àti ẹni tí kò yẹ.

Nígbà tí ojú ènìyàn bá dín kù, irin a máa pọ̀ sí i. Ní ọjà Panteka ní Tudun Wada, àwọn wẹ́dà, káfíńtà àti àwọn tí ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ ń ṣe ilẹ̀kùn irin, géètì àti irin ojú fèrèsé. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onílé bi wọ́n ni ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ láti mọ̀.

Ohun tí ó Yẹ kí Onílé Mọ̀

Èkíní, olè kì í sábà fi wákàtí mọ́kànléláàádọ́ta jókòó ti àgádágodo. Ó ń jálẹ̀kùn, ó ń gba fèrèsé, tàbí kí ó wọ ibi tí a kò tì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, férémù tí ó le, ìdè tí ó gùn tí ó wọ inú ògiri, àti ínjì tí ẹni tí ó wà níta kò lè yọ, ṣe pàtàkì ju àgádágodo ńlá lọ. Bí a bá fi àgádágodo olówó gọbọi kọ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìṣó méjì dì mú, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ni olè yóò fà yọ.

Èkejì, kọ́kọ́rọ́ ni ó yẹ kí a ṣọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé kò mọ iye kọ́kọ́rọ́ tí ẹni tí ó kó jáde ti gbẹ́. Kí ó pààrọ̀ inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó wọlé. Owó rẹ̀ kò tó ti ilẹ̀kùn tuntun. Kí a má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìnusẹ̀ tàbí sínú ìkòkò òdòdó, nítorí ibẹ̀ ni olè yóò kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ ojú ọjọ́ Kàdúná. Nígbà ọyẹ́, eruku tí ó kúnná ń wọ ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ a máa da òróró sí i, òróró náà a sì mú eruku lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ títí kọ́kọ́rọ́ yóò fi kán síbẹ̀. Èérún dúdú tí ó ń jáde lára pẹ́ńsùlù sàn ju òróró lọ. Nígbà òjò, ilẹ̀kùn onígi a máa wú, ahọ́n irin kò sì ní bá ihò rẹ̀ mu mọ́. Ilẹ̀kùn tí ó le láti tì ni a kì í pẹ́ fi sílẹ̀ láìtì.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù. Ilé tí olè kò lè wọ̀, ó lè jẹ́ ilé tí onílé kò ní lè jáde nínú rẹ̀. Iná lè ṣẹ́ láti ara àbẹ́là, jẹnẹrétọ̀ tàbí wáyà tí ó ti gbó, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ. Bí wọ́n bá ti jó irin mọ́ gbogbo ojú fèrèsé, tí a fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn irin láti inú, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò ẹnìkan, àwọn tí ó wà nínú ilé ti wà nínú àhámọ́. Ó yẹ kí irin ojú fèrèsé kan, ó kéré tán, nínú yàrá tí a ń sùn jẹ́ èyí tí a lè ṣí láti inú. Kí kọ́kọ́rọ́ ní ibi kan pàtó tí gbogbo ará ilé mọ̀, tí ọwọ́ ẹni tí ó wà ní fèrèsé kò lè dé, tí ọmọdé sì lè rí nínú òkùnkùn. Kí a má ṣe ti ọmọ mọ́lé láti ìta nítorí pé a fẹ́ sáré dé ọjà. Èyí kan náà ni ó yẹ kí onílé béèrè lọ́wọ́ wẹ́dà ní Panteka kí ó tó san owó: báwo ni a óò ṣe jáde?

Ìkádìí

Ohun tí ó hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé àgádágodo kò dá olè dúró títí láé. Àsìkò ni ó ń rà fún onílé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ariwo tí ó sì jáde ni ó ń lo àsìkò náà. Bí kò bá sí ẹni tí yóò jáde, asán ni àsìkò tí a rà. Àwọn tí ń fi ṣíṣí àgádágodo najú ti fi èyí hàn kedere, nítorí kò sí èyí tí a ṣe tí ọgbọ́n ènìyàn kò ní já bó pẹ́ bó yá.

Fún àwọn olùkọ́ èdè, iṣẹ́ wà níbí. Àwọn wẹ́dà, káfíńtà àti agbẹ́-kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń sọ Yorùbá ní Kàdúná, ní Ìbàdàn àti ní ibòmíràn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí a kàn ṣàpèjúwe rẹ̀ ní òkè yìí. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìsọ̀ wọn, kí ó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí ó sì mọ èyí tí a yá láti Hausa àti èyí tí a yá láti Gẹ̀ẹ́sì. Onílé tí ó bá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó ń rà ni ó lè béèrè èyí tí ó dára, tí ó sì lè kọ èyí tí yóò ti òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́nú iná.